Ẹ Jẹ́ Kí Ríìngì Ó Jókòó

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣu nìkan làwa ọmọ Òkè-Ògùn mọ̀, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló ń gbé iṣu ọ̀hún dé Bódìjà? Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 wà lára wọn. Àwa ọmọ Asábàrì ní Ṣakí, a máa ń dá ohùn rẹ̀ mọ̀ kó tó yọ ní kọ́nà.

Ẹ má sì fojú àgbàlagbà ọkọ̀ wò ó o. Ọdún 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná náà ni Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú Safari Rally, eré ìje inú eruku àti ẹrẹ̀ ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas tún fi 504 onílẹ̀kùn méjì gbà á. Ọkọ̀ eléré ló ń ru iṣu yẹn.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí, tó ń rú èéfín búlúù, ọ̀nà méjì ló wà. Ká ra Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn ẹ́ńjìnnì àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ lókè òkun. Tàbí ká tú tiwa, ká pààrọ̀ sílíìfù, písítìnì àti ríìngì. Bàbá mi, ọ̀gá mẹkáníìkì àtèmi lọ sí ọjà Àràrọ̀mí ní Gáàtì, n'Íbàdàn.

Ọlọ́jà ń búra, ọ̀gá ò dá a lóhùn. Ó ṣí ìdérí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́: ọ́ìlì ti funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ó yọ púlọ́ọ̀gì ìkejì, ó fi àtàǹpàkò dí ojú ihò, ó ní kí n máa yí i. Atẹ́gùn ò ti ìka rẹ̀ rárá. Ìkẹta dáa, àmọ́ iye tí wọ́n pè é á gbé owó ẹ́ńjìnnì àti owó ilé-ìwé mi lọ pọ̀. Sílíìfù 504 ṣeé fà yọ kéèyàn fi tuntun sí i, torí náà a ra sílíìfù, a padà sílé.

Lẹ́yìn tó tò ó tán, ọ̀gá ní: "Bàbá, kìlómítà ẹgbẹ̀rún kan, ẹ má di ẹrù kún un. Ẹ jẹ́ kí ríìngì ó jókòó."

Mo bi í pé kí ló túmọ̀ sí. Ó ní ara sílíìfù tuntun kì í dán, ó ní ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n dìídì há sí i. Ríìngì á máa fara ha ìlà yẹn títí àwọn méjèèjì á fi mọwọ́ ara wọn. Agbára iná tó ń jó lórí písítìnì ló ń ti ríìngì mọ́ sílíìfù. Tó o bá ń kẹ́ ẹ jù, tó o kàn tan án sílẹ̀ láìrìn, kò ní sí ohun tó máa tì í. Sílíìfù á dán bọ̀rọ́, ọ́ìlì á sì máa kọjá lọ sínú iná. Tó o bá tún dẹ́rù pa á, á gbóná, písítìnì á gan, ó parí.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi mọ́tò sáré lórí ilẹ̀ erùpẹ̀ máa ń ra ẹ́ńjìnnì tuntun inú àpótí. GM ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní 602, agbára ẹṣin 350, tí wọ́n fi bóòtù pàtàkì dì kí ẹnikẹ́ni má bàa tú u ṣe màgòmágó. Ìyẹn náà, wọ́n máa ń kọ́kọ́ rọra mú un mọ iṣẹ́ kí wọ́n tó fi í díje.

Àmọ́ àwọn yẹn ò ní iṣu tó ń dúró. Iṣu màmá mi ti wà nílẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ. Bàbá mi fẹ́ dì í kún. "Ọ̀gá, ta ló máa sanwó ilé-ìwé ọmọ yìí?"

"Ẹ dákun, Bàbá. Bó bá gan, èwo lẹ máa san?"

Gbogbo wa dákẹ́. Màmá mi ló fọhùn: "Baálé mi, ẹ jẹ́ ká máa gbé e díẹ̀díẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Ìlàjì ẹrù, Àgọ́-Àrẹ sí Ṣakí. A sáré díẹ̀, a rọra díẹ̀, a kì í dúró sójú kan. Nígbà tí ọ̀gá kọ́kọ́ da ọ́ìlì nù, irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀ bíi fàdákà. Ó tún bóòtù orí ẹ́ńjìnnì fún. Lẹ́yìn náà la tó lọ Ìsẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ bi mí pé kí ló dé tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́ wọlé ní sẹ̀mẹ́sítà yẹn, tí tẹ́ẹ̀sì méjì fi fò mí, ohun tó fà á rèé. Ó dùn mí, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń gbé ẹrù kíkún lọ Bódìjà báyìí, kò rú èéfín, òun ló sì san owó tí mo fi jókòó síbí. Bàbá mi ṣì ń wo ọ́ìlì rẹ̀ láràárọ̀.