Bí Òjò Ti Ń Dágbére fún Wa

Àwọn tí ó ti ìlú òyìnbó dé a máa sọ fún wa pé ìgbà mẹ́rin ni ọdún pín sí lọ́hùn-ún, àti pé ewé igi a máa pọ́n kí òtútù tó dé. Ní Ìlọrin níhìn-ín, ìgbà méjì ni a mọ̀, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn; ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀ẹ̀rùn a máa dé lójijì. Ó ń yọ́ bọ̀ ni.

A ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ọ. Ní oṣù kẹsàn-án, òjò a máa rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, Odò Asà a sì kún. Bí oṣù kẹwàá ti ń lọ, òjò a dínkù, a sì máa bá ẹ̀fúùfù àti àrá wá ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn èyí, ìrì a wúwo lórí koríko ní òwúrọ̀. Koríko ẹ̀bá ọ̀nà a pọ́n bí idẹ. Ọkà bàbà a tẹ orí ba. Lékeléke a pọ̀ lẹ́yìn màlúù àwọn Fúlàní. Àwòdì a máa rà bàbà lójú ọ̀run. Ní Dàda, ní Òkèlele, inú àwọn ìyá amọ̀kòkò a dùn, nítorí ìkòkò wọn ń tètè gbẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a ó wo ìhà Òkè Ṣóbí, a kò ní rí i dáradára: ọyẹ́ ti dé.

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ti inú òkun wá láti gúúsù, ó ru omi. Èkejì ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ó gbẹ, ó sì ru eruku. Bí oòrùn ti ń yí sí gúúsù, ti òkun a máa fà sẹ́yìn, ti aṣálẹ̀ a sì gba ipò rẹ̀. Púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ ni ó ti Bodélé wá, ní ilẹ̀ Ṣáàdì, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láti ayé àtijọ́.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tí ó dúró títí ètè ọmọ rẹ̀ fi là kí ó tó wá òrí, ó ti pẹ́. Nígbà tí ìrì bá ń wúwo ni kí a ti ro ẹ̀yìnkùlé, kí iná igbó má baà ráyè wọlé, kí a sì wá aṣọ òtútù fún àwọn arúgbó. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a má ṣe kó ọmọ púpọ̀ sí yàrá kan, kí a sì ti fèrèsé pa nítorí òtútù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn yírùnyírùn ń jà. Ní ọdún 1996, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní apá òkè Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bá wa ṣọ́ ìgbà. Ẹ bi wọ́n léèrè ní òwúrọ̀ pé, "Kí ni ẹ rí lónìí tí kò rí bẹ́ẹ̀ lánàá?" Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ rí ìrì, ẹ yìn ín.