Kámẹ́rà Nínú Oko Kòkó

Oṣù Ọ̀wàrà ni ìkórè ńlá kòkó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Gánà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mo wọ ọkọ̀ trotro ní Madina, ní Accra, ní kùtùkùtù, ó di òkè Akuapem.

Láti Adenta dé Ayi Mensah, oko ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ ní Accra ń sọ pé àwọn ti ń ra ẹ̀gẹ́ lóko rí, ògiri búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí onílé dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kó mú ìwé àṣẹ wá. Mo ya ìyẹn náà. Ìkórè ni, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kó tà.

Ní Mampong, mo yà wo oko Tetteh Quarshie, alágbẹ̀dẹ tó kó èso kòkó bọ̀ láti Fernando Po ní 1879. Àwọn míṣọ́nnárì Basel ti gbìn ín ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ló ràn. Àwọn àgbẹ̀ Akuapem sọdá odò Densu, wọ́n dáwó jọ ra ilẹ̀ igbó. Nígbà tó fi di 1911, kò sí ilẹ̀ kan lágbàáyé tí kòkó rẹ̀ tó ti Gold Coast, orúkọ Gánà nígbà náà, mọ́.

Oko tí mo ń wá gan-an wà lẹ́yìn Suhum. "Ayekoo!" ni mo kí wọn. "Yaa ee!" ni wọ́n fi dá mi lóhùn láti abẹ́ igi. Ọkùnrin kan ń fi ọ̀bẹ orí ọ̀pá gígùn ká kòkó, àwọn obìnrin ń fọ́ ọ, wọ́n ń kó kóró rẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí wọn yóò bò ó sí fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó sá a. Ìdànrè ni ẹ ó pè é. Bí mo bá sọ fọ́tò náà di dúdú òun funfun, tí mo sì bọ́ ẹ̀wù Chelsea lọ́rùn ọmọkùnrin kan, ẹ ó ní ayé Gold Coast ni mo ti yà á.

Irọ́ ni fọ́tò náà yóò sì pa. Ẹni tó ń ká kòkó kọ́ ló ni oko. Abusa ló ń ṣe, ìdá kan nínú mẹ́ta ni tirẹ̀. Accra ni olóko ń gbé. Àáró, tí àwọn Akan ń pè ní nnoboa, ti dín kù. Owó ojúmọ́ ni àwọn tó ń fọ́ kòkó ń gbà. Ẹlòmíràn sì ti ya oko náà ṣáájú mi: wọ́n ti fi fóònù rìn yí ààlà rẹ̀ ká, ó ti wọ máàpù, nítorí òfin tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2023 pé àwọn kò fẹ́ kòkó orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ìparí 2020.

"Ọ̀gá," ni alábusa náà wí, "bí ẹ bá gbé fọ́tò yìí jáde, wọ́n á ní èmi ni mo ni oko."

Mo bi í nípa owó. Ìjọba ló ń dá iye tí wọ́n ń ra kòkó, nítorí náà nígbà tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé ní 2024, ìró rẹ̀ ló gbọ́. Kòkó gan-an ò sì pọ̀. Gánà tó kórè ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ ní 2010/11, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló rí ní 2023/24. Àrùn tó ń mú ẹ̀ka wú ń pa igi. Àwọn oní-galamsey tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ sì ń ra oko lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n ń hú u.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fọ́tò oko bàbá yín nílé, ní Oǹdó tàbí ní Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀, àti iye tí wọ́n gbà.