Láti Magboro sí Ibi Omi Gbígbóná Ìkógòsì

Ní ilẹ̀ Jàpáànù, ìlú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Beppu. Omi gbígbóná ni ó ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, orísun rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èéfín ń rú láàárín ilé àti òpópónà tọ̀sán-tòru. Onsen ni wọ́n ń pe irú omi bẹ́ẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ṣe òfin lé e lórí ní 1948, pé bí omi bá ti gbóná tó 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius níbi tí ó ti sun, onsen ni. Àṣà wọn ni pé kí ènìyàn bọ́ sí ìhòòhò kí ó tó wọ inú omi, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Àwọn Mùsùlùmí wà ní Beppu, nítorí pé yunifásítì kan tí ó ṣí níbẹ̀ ní 2000 ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, mọ́sálásí sì wà nínú ìlú náà. Ọgbọ́n tí ẹni tí ojú bá ń tì lè dá ni pé kí ó háyà iyàrá ìwẹ̀ kékeré kan fún ìwọ̀n àkókò díẹ̀, tí ẹlòmíràn kò ní wọlé bá òun àti ìdílé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ní Magboro ni ó ní owó ọkọ̀ òfuurufú dé Jàpáànù? Èyí tí Ọlọ́run fi sí ilẹ̀ Yorùbá wà ní Ìkógòsì, ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, ó sì fi díẹ̀ lé ní 250 kìlómítà sí wa. Àgbàyanu ibẹ̀ kì í ṣe pé omi gbóná nìkan. Omi tútù náà ń sun nítòsí, àwọn méjèèjì ń ṣàn bọ̀ títí wọn yóò fi pàdé, níbi tí wọ́n sì ti pàdé, bí ẹ bá ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, tí ẹ ti ẹsẹ̀ òsì bọ èkejì, ẹ óò mọ ìyàtọ̀.

Ẹ óò rí i kà níbi púpọ̀ pé omi náà gbóná tó 70 níbi tí ó ti sun. Iye tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, nǹkan bí 37 sí 38 ni, èyí tí í ṣe ìgbóná ara ènìyàn gan-an. Tiwọn ni mo gbà. Kò sí òkè oníná lábẹ́ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti Jàpáànù. Omi òjò ni ó ń gba ojú sísán àpáta òkè Ẹ̀fọ̀n wọlẹ̀ lọ jìnnà, ooru inú ilẹ̀ á mú un, á sì tún gòkè wá. Gbogbo ìwé ni ó ń sọ pé òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní 1952. Ó dára, òun ni ó jẹ́ kí ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi ọ̀nà odò hàn án bí kò ṣe àwọn tí ó ti ń pọn ọ́n?

Ẹni tí mo ń rò nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá àgbà. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Magboro, Ibafo àti Mowe: ìyá tí ọmọ lọ mú wá láti ìlú rẹ̀ kí ó lè máa tọ́jú ọmọ-ọmọ. Bàbá àti ìyá ọmọ á ti jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá á wà nínú ọgbà láti àárọ̀ dé alẹ́, orúnkún ń dùn ún, kò sì mọ ará àdúgbò kankan ju oníṣọ́ọ̀bù ẹnu ọ̀nà lọ. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé omi kan wà tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń sè, tí ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ kàn án, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má ṣe sọ pé owó kò sí kí ẹ tó jókòó ṣírò rẹ̀. Owó náà kì í ṣe kékeré, òtítọ́ ni. Epo ọkọ̀, ibùsùn ọjọ́ méjì, owó ìwọlé àti oúnjẹ ni. Bí a bá ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí Iléyá bá ti kọjá, ó ṣe é ṣe kí ó pé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Àlọ-àbọ̀ ní ọjọ́ kan kò yẹ àgbàlagbà.

Ẹ má ṣe gbéra ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, nítorí ìpàdé ńlá tí àwọn Kírísítẹ́nì máa ń ṣe lẹ́yìn Mowe. Ẹni tí ó ń gbé ojú ọ̀nà yìí mọ ohun tí mo ń wí. Ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun ni mo fẹ́. Ẹ kírun Àsùbáà, kí ẹ bọ́ sí títì. Ẹ óò kọjá Ṣàgámù dé Ìbàdàn, láti ibẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Lẹ́yìn Iléṣà ni ẹ óò yà sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀nà sì ń lọ́. Kí awakọ̀ rọra. Ní Aràmọ̀kọ ẹ óò yà gba Erìjìyàn lọ sí Ìkógòsì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lọ́nà. Àwọn ọmọ lè máa bẹ̀bẹ̀ pé kí a yà wo omi tí ń já láti orí àpáta ní Èrìn-Ìjẹ̀ṣà. Ó wuni, ṣùgbọ́n òkè gígùn ni, kì í ṣe ti orúnkún tí a ń kó lọ sínú omi gbígbóná.

Ìrìn náà ju nǹkan bí 80 kìlómítà tí ọ̀pọ̀ àáfà fi ṣe ìwọ̀n ìrìn àjò, nítorí náà Àìlà, Àlàásárì àti Ìṣáì á di ràkáà méjì-méjì, Mọ̀gàríbì á sì wà bí ó ti wà. Ẹ lè fi omi náà ṣe àlùwàlá. Omi tí ilẹ̀ tí ó gbà kọjá bá yí padà, mímọ́ ni, ooru tí kò pọ̀ jù kò sì bà á jẹ́.

Nípa ìwẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba. Adágún tí wọ́n kọ́ fún ìlúwẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ti obìnrin nìkan, àti ọkùnrin àti obìnrin ni ó ń wọ̀ ọ́. Ẹ fóònù sí àwọn alábòójútó kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ bi wọ́n bóyá àkókò kan lè wà fún ẹ̀yin obìnrin. Bí wọn kò bá gbà, ẹsẹ̀ ìṣàn omi ní àárọ̀ kùtù tó fún ìyá àgbà. Ẹ wọ aṣọ dúdú tí ó nípọn, tí kì í lẹ̀ mọ́ ara bí ó bá tutù, kí ẹ sì mú òmíràn tí ẹ óò pààrọ̀. Kí ìyá wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó jáde, kí ó mu omi. Ara á tù ú, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn: ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi hóró oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé, aláboyún náà sì gbọ́dọ̀ bi nọ́ọ̀sì rẹ̀ kí ó tó lọ.

Àwọn tí ń múni kiri á sọ ìtàn fún yín pé obìnrin méjì, ìyàwó ọkọ kan náà, ni ó di omi méjèèjì: èyí tí inú ń bí ni ó di gbígbóná, onísùúrù ni ó di tútù. Ìtàn ni, ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ìtàn náà kò sọ ohun tí ọkọ ṣe tí inú fi bí ìyàwó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú ẹní ìkírun, ṣálúbàtà tí kì í yọ̀, àti aṣọ òtútù fún àárọ̀, nítorí òkè Èkìtì kì í ṣe Magboro. Ẹ tún mú kẹ́ẹ̀gì kan dání. Ìyá á fẹ́ bu omi náà wálé fún oníṣọ́ọ̀bù ẹnu ọ̀nà, yóò sì ti tutù kí ẹ tó padà dé Iléṣà.