Mẹ́sẹ́ńjà tó ń kọ̀wé

Lẹ́tà kẹrin tó ní "ẹ má bínú, a ti rí ẹlòmíràn fún iṣẹ́ náà" wọlé lánàá. Mi ò sunkún. Amos Tútùọlá, òǹkọ̀wé nì, ló kàn sọ sí mi lọ́kàn.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1920. Bàbá rẹ̀ kú, ilé ìwé sì parí síbẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣe é l'Ékòó nígbà ogun Hítílà. Ogun parí, iṣẹ́ náà parí. Ó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, owó ò sí. Bó ṣe di mẹ́sẹ́ńjà ìjọba nìyẹn: gbé fáìlì yìí lọ, gba tọ̀hún bọ̀. Níbi tó ti ń jókòó retí pé kí wọ́n rán òun níṣẹ́ ló ti ń kọ ìtàn ọ̀mùtí tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Ní 1952, Faber and Faber tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kẹ́nikẹ́ni má wá sọ fún mi pé àìrówó ló sọ ọ́ di òǹkọ̀wé o. Àìrówó kì í ṣe tíṣà. Ohun tó ń jọ mí lójú ni pé ní 1951, mẹ́sẹ́ńjà lásán ni. Kódà nígbà tí ìwé jáde, kò fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́gán.

Mo ti tún CV mi kọ láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ n sáré wo ẹ̀wà mi, ó ti ń rùn bíi pé ó fẹ́ jóná.