Kọ́ìlì Mọ́tò Nínú Ọkọ̀ Òfuurufú

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ti inú ìwé wá. Ìsọ̀ rìwáyà kan ní Sàngó-Ọ̀tà ni mo ti rí i kọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá kọ́ìlì tòkúnbọ̀ mẹ́rin. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá rìwáyà kan tí mo mọ̀ nítòsí afárá Sàngó, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kì í ti í dá lọ́sàn-án lóru. Mo rò pé mọ́tò ni ó fẹ́ tún ṣe. Ìgbà tí a dé ibẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ni òun àti ọ̀rẹ́ òun fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kàn, àti pé ẹ́ńjìnnì Mazda ni wọn yóò fi gbé e.

N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 2007, ìròyìn Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bayero ní Kánò, tàn ká ayé, nítorí pé ó fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic kan hẹlikópítà. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, àwọn kan tí ń kan ọkọ̀ òfuurufú nílé ti ń lo ẹ́ńjìnnì Mazda yìí tipẹ́, kọ́ìlì tí General Motors ṣe fún mọ́tò sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń so mọ́ ọn.

“Ṣebí ọkọ̀ náà ni gbogbo wọn?” ni ọmọ náà wí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi, nítorí òótọ́ ni pé ọ̀kan ṣoṣo ni èdè wa fi pe ti ilẹ̀, ti omi, ti ojú irin àti ti òfuurufú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rìwáyà gbọ́, ó kó kọ́ìlì rẹ̀ padà sínú páálí.

“Tíṣà, ẹ má bínú, n kò tà á mọ́. Bí mọ́tò bá kú, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó tì í. Ta ni yóò bá yín tì í lókè?”

Inú bí ọmọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ti dára tó. Felix Wankel, ará Jámánì, ni ó ronú kàn án. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ NSU ní ọdún 1957. Kò ní písítìn. Ohun onígun mẹ́ta ni ó ń yí nínú rẹ̀, púlọ́ọ̀gì méjì sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Bàbá bi í léèrè pé, “Ẹ̀ẹ̀melòó ni púlọ́ọ̀gì ibẹ̀ ń ṣáná?”

Ọmọ náà ṣírò rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò onípísítìn tí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀, kọ́ìlì ń ṣáná lẹ́ẹ̀kan bí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ti Wankel, ó gbọ́dọ̀ ṣáná ní gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá yí. Bí ọ̀pá bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, kọ́ìlì yóò ṣáná ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 50. Láàárín àkókò kúkúrú yìí ni yóò gba iná 12 fólítì láti ara bátìrì, tí yóò sì sọ ọ́ di èyí tí ó lè ju 20,000 lọ. Bí iná bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, yóò gbóná títí yóò fi bàjẹ́. Bí kò bá pẹ́ tó, púlọ́ọ̀gì kò ní ṣáná dáadáa. Ọkọ̀ òfuurufú kò sì ní gosíló tí yóò ti sinmi.

Bàbá mi orí. “Iṣẹ́ ẹni méjì ni ẹ fẹ́ gbé fún ẹyọ kan, ẹ kò sì mọ iye ọdún tí ó ti sìn kí ó tó dé Nàìjíríà.”

Ọmọ náà kò lè fèsì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún mi, bí a ti ń padà lọ, pé magneto méjì ni ó sábà máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì onípísítìn ọkọ̀ òfuurufú kékeré, kí èkejì lè gbé e bí ọ̀kan bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kọ́ìlì tuntun ni òun yóò rà, bátìrì méjì ni òun yóò lò, àti pé orí ilẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà yóò ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ kan tí bàbá lò. Nínú èdè wa, ènìyàn a máa kú, ẹ́ńjìnnì náà a sì máa kú. Mo ti máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé àfiwé lásán ni ti ẹ̀rọ. Lójú títì Sàngó, bẹ́ẹ̀ ni. Lókè, ikú ẹ̀rọ lè di ikú ènìyàn. Bàbá rìwáyà ti mọ èyí kí a tó dé ìsọ̀ rẹ̀, ó sì pàdánù owó ọjà rẹ̀ nítorí rẹ̀.