Ohun Tí Òrùlé Ọkọ̀ Lè Gbé

Òrùlé ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ pinnu bí iṣẹ́ ọnà mi yóò ṣe gùn tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ẹrù láti Bantè lọ sí Savalou, títì ńlá tí ó ti Dassa wá, tí ó gba Savalou àti Bantè kọjá lọ sí Bassila àti Djougou, ni yóò gbà. Ó lé díẹ̀ ní 50 kìlómítà. Awakọ̀ tí ó ti to iṣu, àpò kajú àti alùpùpù ẹlòmíràn sórí ọkọ̀ kò ní gba igi tí ó gùn ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ, bí ó ti wù kí a bẹ̀ ẹ́ tó. Nítorí náà, kí n tó mú pẹ́ńsùlù, mo ti mọ̀ pé ọ̀pá kankan nínú iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 2 lọ.

Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe kò le láti sọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní agbègbè wa tí wọ́n ń gbèrò àjọ̀dún ọnà oní-kọ̀ǹpútà fẹ́ iṣẹ́ àgbékalẹ̀ kan tí ènìyàn lè wọ inú rẹ̀, tí ohùn yóò máa jáde, tí iná yóò sì máa tàn bí ènìyàn bá ti ń sún mọ́ ọn. Kí ó dúró ní Bantè fún ọjọ́ díẹ̀, kí a tú u, kí ó tún dúró ní Savalou nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti wálé fún ọdún iṣu tuntun tí í máa ń bọ́ sí 15 Oṣù Kẹjọ. Lẹ́yìn náà, kí a kó o pamọ́ di ọdún tí ń bọ̀. Inú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni wàhálà wà. Ohun tí yóò dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìṣó àti pákó pẹlẹbẹ ti tó o. A ti rí i púpọ̀: lọ́jọ́ tí ayẹyẹ bá parí, pákó ti di igi ìdáná, bánà onírọ́bà tí wọ́n ya orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ sí ti di òrùlé alákàrà. Kí n sọ òtítọ́, bánà tí ó di òrùlé alákàrà yẹn wù mí ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó ṣètò rẹ̀, síbẹ̀ òjò kò pa epo inú agbada.

Kí n tó lọ wo ohun tí àwọn ará òkèèrè ń ṣe, ọkàn mi lọ sí ojúbọ Dankoli. Ẹ̀bá títì tí ó ti Savalou bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa ni ó wà. Ẹni tí ó ní ẹ̀bẹ̀ yóò gbá èèkàn igi wọlé níbẹ̀, yóò da epo pupa lé e, yóò fi ẹnu fọ́n ọtí sódábì sí i, yóò sọ ohun tí ó ń wá, yóò sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí òun yóò mú padà wá bí ó bá rí i gbà. Èèkàn lórí èèkàn, epo lórí epo, títí ojú kò fi mọ ibi tí èyí àkọ́kọ́ wà mọ́. Mi ò ní gbé Dankoli wọ inú àjọ̀dún. Kì í ṣe ohun ìran, àwọn tí ó ni ín wà níbẹ̀, wọn kò sì ránṣẹ́ sí ayàwòrán kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi kò lè gba ibẹ̀ kọjá kí ó má bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí ó parí rẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tí ó ń rò pé ó yẹ kó parí. Ẹni tí ó wá lónìí mọ̀ pé òun jẹ gbèsè ìpadàbọ̀. Lónìí, àwọn ilé ọnà ńláńlá ní Yúróòpù ń ná owó gọbọi kí olùwòran lè fọwọ́ kan iṣẹ́ ọnà, kí ó tẹ bọ́tìnnì kan, kí ó sì máa lọ. Èmi ń wá ohun tí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án yóò ní ìdí láti padà wá bá.

Oríkèé ni mo fi ara ṣe jù. Ìṣó ni ọ̀tá ohun tí a óò tú. Bí a bá gbá a wọ igi tí a sì fà á yọ, ihò ti gbòòrò. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ìṣó kò di nǹkan kan mú mọ́. Wẹ́dà ní tirẹ̀ ń jó irin pọ̀ dáadáa débi pé ayùn nìkan ló lè yà wọ́n. Bóòtù ni mo yàn, oríṣi kan ṣoṣo, èyí tí ó nípọn tó mílímítà 8, tí sípánà 13 ń tú. Kì í ṣe pé ó lágbára ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí mo rí ni pé kò sí ẹni tí ń tún ọ̀kadà ṣe ní Bantè tàbí ní Savalou tí kò ní sípánà 13 nínú páànù irinṣẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì kan bá bọ́ sínú iyanrìn lálẹ́, ọmọ kan yóò sáré dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, yóò sì mú òmíràn dé kí orin tó pé méjì. Àwọn oríkèé kan wà tí wọ́n ń ṣe ní ìlú òyìnbó fún àgọ́ ìpàtẹ, wọ́n dán, wọ́n fúyẹ́, ọwọ́ lásán la fi ń so wọ́n. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá ṣẹ́, iṣẹ́ ti kú títí lẹ́tà yóò fi lọ tí yóò sì bọ̀.

Ọgbọ́n bóòtù kì í ṣe tuntun. Ilé onídígí ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sí Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìpàtẹ 1851, irin àti dígí tí wọ́n gé ní ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi so ó pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè tú u, tí wọ́n sì tún un kọ́ sí Sydenham ní 1854. Ó wà níbẹ̀ títí iná fi jó o ní 1936. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn náà ni pé wọn kò dá a padà bó ṣe wà. Nígbà tí wọ́n ń tún un tò, wọ́n mú un tóbi sí i.

Àwọn ọ̀pá tèmi yóò dúró yípo, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè, irú èyí tí a fi ń pọn omi, yóò sì rọ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi kẹ́ẹ̀gì ṣe ọnà ní Bẹ̀nẹ̀ ti wọ oko Romuald Hazoumè, ẹ jẹ́ kí n tètè kí baálé ilé. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1962. Láti 1997 títí di 2005 ni ó fi ṣe La Bouche du Roi: 304 ojú tí ó fi ẹnu kẹ́ẹ̀gì ṣe, tí ó tò bí wọ́n ṣe to àwọn ẹrú sínú àwòrán ọkọ̀ ojú omi Brookes tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1789. Òórùn wà nínú iṣẹ́ náà, ohùn wà nínú rẹ̀, ní èdè Yorùbá, Màhí àti Wémè. Ilé British Museum rà á, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní 2007, ọdún tí ó pé 200 ọdún tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Lẹ́yìn náà ni ó rìn kiri dé Hull àti Liverpool. Bẹ́ẹ̀ ni Màhí, èdè tí wọ́n fi ń kí ara wọn lọ́jà Savalou, ṣe bá iṣẹ́ tí ó ṣeé tú, tí ó sì ṣeé tún tò rìnrìn àjò.

Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì Hazoumè ti kú kó tó di ọnà. Èyí tí àwọn oníkpayo, àwọn onífàyàwọ́ epo, ti fi gbé epo bẹntiróòlù títí, tí wọ́n ti fi iná yan kí inú rẹ̀ lè fẹ̀ sí i, ni ó ń gé. Ikú yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé. Tèmi gbọ́dọ̀ wà láàyè. Àwọn ìyá tí ó yá wa ní kẹ́ẹ̀gì yóò gbà á padà láti fi pọn omi, ìyẹn ni pé mi ò gbọdọ̀ gé e, mi ò gbọdọ̀ lu ú, mi ò gbọdọ̀ kùn ún. Ìdérí onígi pẹlẹbẹ ni sípíkà kékeré jókòó lé, ìdérí náà bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì, àyè inú rẹ̀ sì ń gba ohùn tín-ín-rín náà, ó ń jẹ́ kí ó ní ikùn. Iná kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀; rọ́bà ìyeyè yẹn ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Ìgbà tí a bá tú iṣẹ́ palẹ̀, ìdérí nìkan ni a óò kó. Iye ẹrù tí ó dín kù lórí ọkọ̀ kì í ṣe kékeré.

Ní ti kọ̀ǹpútà, àwọn ará ilé wa ti la ọ̀nà sílẹ̀. Jerry, kọ̀ǹpútà tí wọ́n to sínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 20, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Paris ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2011, kò sì pẹ́ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọ̀dọ́ Blolab ní Kútọnu ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Lomé, Afate Gnikou ti WoeLab fi ẹ̀rọ àkúfọ́ tí wọ́n ti dà nù ṣe ẹ̀rọ W.Afate tí ń fi rọ́bà tẹ nǹkan jáde, ní 2013. Mi ò ní fi ìyẹn gùn. Mo kàn ń sọ pé kò sí ohun tí mo ń ṣe tí aládùúgbò kò ti gbìyànjú.

Bátìrì ọkọ̀, oní-12 vólìtì, ni mo gbé gbogbo rẹ̀ lé, pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì sólà tí ń bọ́ ọ lọ́sàn-án. Ṣájà tí àwọn awakọ̀ ń fi sí ojú ihò sìgá nínú ọkọ̀ ni ó ń sọ 12 di 5 fún Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré bí àtẹ́lẹwọ́ tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012. Mo fi pirojẹ́kítọ̀ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń bèèrè. Ó ń fẹ́ òkùnkùn biribiri, eruku ọyẹ́ ń dí ẹnu fáànù rẹ̀, gílóòbù rẹ̀ sì wọ́n. Kọ̀ǹpútà kékeré náà ní àrùn tirẹ̀: bí iná bá já nígbà tí ó ń kọ nǹkan sórí mẹ́mórì káàdì, káàdì náà lè bàjẹ́, kí ó má jí mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí a tì í, kí ó lè máa kà, kí ó má lè kọ. Ẹnikẹ́ni lè yọ wáyà bátìrì láìbèèrè, ìgbà tí ó bá fi í padà, ohùn yóò tún dìde. Àwọn ohùn fúnra wọn wà lórí fláàṣì lọ́tọ̀.

Nítorí ohùn ni ọ̀rọ̀ fi le. Èdè Ìṣà tí a ń sọ ní Bantè, Yorùbá tí ó bá fara balẹ̀ yóò gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní Savalou, Màhí ló pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń sọ èdè Ifẹ̀ náà wà nítòsí. Bí mo bá gbé ìtàn àwọn àgbà Bantè lọ sí àárín ọdún iṣu Savalou bó ṣe rí, wọn yóò kí wa káàbọ̀ dáadáa, wọn yóò sì kọjá lọ. Àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu ti mọ èyí tipẹ́, kí UNESCO tó kéde ọnà wọn fáyé ní 2001: orí ère lè jẹ́ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń tún un kùn, orin tí wọ́n sì fi ń bá ìlú wí jẹ́ ti ọdún yẹn. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni yóò gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, lórí fóònù, ní ẹ̀yìnkùlé, kí a tó to iṣẹ́ ró níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí a ń gbé rédíò kọ́ sí ni mo ń ṣe, kì í ṣe ọnà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ó wúlò. Mo fi òfin kan kún un: ìlú tí iṣẹ́ bá ti dúró, ohùn kan ṣoṣo nínú ti wọn ni a kò ní pa rẹ́. Yóò gba ọ̀pá tirẹ̀, yóò bá wa lọ sí ìlú tí ó kàn. Ìlú méjì, ọ̀pá méjì. Àwọn ará Savalou yóò gbọ́ ẹnì kan láti Bantè láàárín àwọn tiwọn, bí a bá sì padà dé Bantè, ohùn Màhí kan yóò wà níbẹ̀, ẹni tí ó ni ohùn náà yóò sì ní ìdí láti wá wò ó. Bí àwọn ìlú bá pọ̀, àyíká náà yóò máa fẹ̀ sí i, èmi náà kò sì mọ̀ bóyá yóò ṣì rẹwà nígbà náà. Ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò dáhùn ìyẹn.

Ohun tí ó kù jẹ́ ti ilẹ̀ lásán. Nọ́ńbà àti àwọ̀ ni mo kùn sí ìdí àwọn ọ̀pá, láìkọ ọ̀rọ̀ kan, kí ẹni tí ó ka Faransé àti ẹni tí kò kà á lè tò ó bákan náà: pupa wọ pupa, dúdú wọ dúdú. Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Savalou wo àwòrán mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìwọ ará Bantè, o rò pé ilẹ̀ tẹ́jú níbi gbogbo? Òkúta ló pọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, ibi tí ẹ fẹ́ tò ó sí dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Àwọn yóò gé mẹ́ta nínú àwọn ọ̀pá náà kúrú, àwọn yóò sì lu ihò tuntun sí wọn. Mo ní kí wọ́n gé e, bàbá, kí wọ́n ṣáà lu ihò náà ní ìwọ̀n sípánà 13. Wọ́n gbà. Ẹni tí yóò san owó bóòtù tuntun ni a ṣì ń fà lọ́wọ́.