Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Rẹ̀

Bí a bá fi sáásì gé èèyàn kúrò nínú fọ́tò bébà, ihò ni yóò kù. Nínú kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó fẹ́ ihò. Oníbàárà á ní, "Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò," á sì rò pé iṣẹ́ náà parí síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀: ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní láti wá ògiri, koríko tàbí ojú ọ̀run tí yóò fi bo ibẹ̀. Gbogbo nǹkan tí a bá yọ, a ti fi nǹkan mìíràn sí i.

*

Ọmọ ìyá méjì, Thomas Knoll àti John Knoll, ló ṣe Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe. Ó dé ọjà ní oṣù kejì ọdún 1990. Òǹtẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: o tẹ Alt, o tọ́ka síbi tó wù ọ́, o wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ibi tí kò wù ọ́. Ohun tó wà níbi àkọ́kọ́ á máa jáde níbi kejì.

Ojú tó mọ fọ́tò wò máa ń tètè rí àṣírí rẹ̀. Ìdì koríko kan náà á wà lẹ́ẹ̀mejì. Àbàwọ́n kan náà á wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ògiri. Nínú èrò, ọkùnrin méjì á dé fìlà kan náà, tí wọ́n gẹ̀ ẹ́ síbì kan náà. Ọlọ́wọ́ pẹ̀lẹ́ kì í mú láti ojú kan ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

*

Ní ọdún 2002, Photoshop 7 mú búrọ́ọ̀ṣì mìíràn dé. Èyí ń mú ìrísí awọ láti ibì kan, ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ibi tuntun kùn ún. Ìdí nìyẹn tí irorẹ́ iwájú orí fi ń lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni rí i pé awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wà níbẹ̀. Nígbà tó di 2010, kọ̀ǹpútà ti lè wá àwọn apá fọ́tò tó bá etí ihò mu fúnra rẹ̀, kó rán wọn pọ̀. Ní 2021, Google gbé Magic Eraser, irinṣẹ́ tó ń yọ nǹkan kúrò nínú fọ́tò, sórí fóònù Pixel 6, ìka kan sì tó.

Àwọn irinṣẹ́ tó jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí tún yàtọ̀. Wọn kì í mú láti inú fọ́tò tìrẹ nìkan mọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ lára àìlóǹkà fọ́tò ẹlòmíràn ni wọ́n ń yà síbẹ̀. Ògiri tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ lè máa jẹ́ ògiri ilé tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ rí.

*

Ara aṣọ ni ẹ̀rọ ti máa ń kọsẹ̀. Iyanrìn rọrùn, ojú ọ̀run rọrùn. Léèsì le, àdìrẹ le jù ú lọ. Wo Ìbàdàndùn, ọ̀kan nínú àwọn ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ: òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín àwọn òpó náà. Bí wáyà máìkì bá gba ara ìró kọjá, tí o sì ní kí ẹ̀rọ yọ ọ́, ó lè ya nǹkan kan tí orí rẹ̀ jẹ́ ṣíbí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òpó. Lójú fóònù, kò sẹ́ni tí yóò fura. Àwọn ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín.

*

Òjìji ni kí o kọ́kọ́ yọ, kí o tó yọ ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é lódìkejì, wọ́n á sì gbàgbé. Lẹ́yìn òjìji, wo ara mọ́tò, wo gíláàsì fèrèsé, wo dígí ojú ọkọ ìyàwó, wo omi ilẹ̀ bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹni tí o ti lé kúrò lójú àgbàlá lè ṣì dúró dáadáa nínú dígí ọkọ ìyàwó.

*

Lẹ́yìn òde, àwọn nǹkan tí wọ́n máa ń ní kí onífọ́tò yọ jọra: àga rọ́bà tó ṣófo, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, kúlà, wáyà jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan èèyàn. Ọmọdébìnrin tó ń kó abọ́ ni wọ́n máa ń yọ, tàbí ọmọkùnrin tó gbé páálí ọtí lérí, tàbí onílù tí apá rẹ̀ wọ inú fọ́tò. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n ní kí wọ́n yọ ẹni tó wọ aṣọ ẹbí. Bí ọmọ ọmọ wọn bá wo fọ́tò náà lọ́jọ́ iwájú, yóò rò pé ìrẹsì náà ló gbé ara rẹ̀ dé orí tábìlì.

*

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, orí nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lórí nẹ́gẹ́tíìfù, ohun dúdú ń funfun, ohun funfun ń dúdú. Nítorí náà, ìlà ojú àgbàlagbà, tí yóò dúdú lórí bébà, máa ń mọ́lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí fíìmù. Onífọ́tò á gbẹ́ pẹ́ńsùlù kó mú bí abẹ́rẹ́, á máa tọ́ ọ sójú ìlà náà díẹ̀díẹ̀. Bí àmì pẹ́ńsùlù bá ṣe ń pọ̀ lórí fíìmù ni ìlà ṣe ń parẹ́ lójú bàbá. Ọjọ́ orí bàbá ń dín, pẹ́ńsùlù ń pọ̀.

*

Nikolai Yezhov ni ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá inú Stalin, olórí Soviet. Ní ọdún 1937, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀, létí odò tí wọ́n gbẹ́ láti Moscow dé Volga. Ní 1940, wọ́n pa á. Nígbà tí fọ́tò náà tún jáde, omi ló wà níbi tó dúró sí. Ọwọ́ èèyàn ló fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi yẹn. Ẹni náà ti ní láti jókòó, kó wo bí omi odò ṣe ń rí dáadáa.

*

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 1970, àwọn sójà yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní Yunifásítì Kent State, l'Amẹ́ríkà. John Filo, tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ya ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 kan tó kúnlẹ̀ ti òkú, tó ń ké. Fọ́tò náà gba ẹ̀bùn Pulitzer. Òpó ọgbà kan wà nínú rẹ̀ tó dà bíi pé orí ọmọ náà ló ti hù jáde. Nígbà tí ìwé ìròyìn Life tún tẹ̀ ẹ́ ní 1995, òpó ti lọ.

Àwọn kan á ní kí ni òpó jámọ́. Èmi gbà pé ó jámọ́ nǹkan: òpó ló ń sọ ibi tó kúnlẹ̀ sí gan-an.

*

Fi ọ̀ràn méjì yìí wé ara wọn. Ní Síríà, lọ́dún 2013, Narciso Contreras ya ológun kan tó ń sá fún ìbọn. Kámẹ́rà akọ̀ròyìn mìíràn wà ní igun fọ́tò nísàlẹ̀. Ó yọ ọ́, ó fi ilẹ̀ bo ibẹ̀. Nígbà tó fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún ilé iṣẹ́ ìròyìn AP, wọ́n já a sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2014.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, AP kan náà gbé fọ́tò àwọn ọ̀dọ́bìnrin ajàfáyìíká jáde láti ìlú Davos. Márùn-ún ni wọ́n. Mẹ́rin ló hàn. Vanessa Nakate, ọmọ Uganda, adúláwọ̀ kan ṣoṣo láàárín wọn, ni wọ́n gé kúrò. Àlàyé wọn ni pé ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ba ẹwà fọ́tò jẹ́. Wọ́n tọrọ àforíjì. Kò gba búrọ́ọ̀ṣì kankan. Ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ni wọ́n kàn fà wọlé.

*

Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ti lo ọgbọ́n kan náà fi dá èèyàn padà sínú fọ́tò. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1978 lẹ́yìn iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bébà kan. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló lọ tí obìnrin kù, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì wọ aṣọ ọkùnrin fún un nígbà kejì. Kò sẹ́ni tí wọ́n fẹ́ tàn jẹ. Gbogbo ará ilé ló mọ̀.

*

Lójú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ẹ̀yìn funfun ni wọ́n fẹ́. Tẹ́lẹ̀, èèyàn méjì ló máa ń na aṣọ funfun sẹ́yìn ẹni tó jókòó. Nísinsìnyí kọ̀ǹpútà ń ṣe é, irun orí àwọn ará àdúgbò sì ti ń rí bí èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé.

*

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó ń bo nọ́ńbà àkáǹtì kí wọ́n tó fi rìsíìtì ránṣẹ́: àwọn búrọ́ọ̀ṣì kan lórí fóònù máa ń jẹ́ kí ohun tó wà nísàlẹ̀ hàn. Ẹni tó bá gba fọ́tò náà lè fi ìmọ́lẹ̀ kún un, kí nọ́ńbà yọ jáde. Ní 2023 pàápàá, àṣírí tú pé ohun tí àwọn èèyàn fi irinṣẹ́ orí fóònù Pixel gé kúrò nínú fọ́tò láti 2018 ṣì lè wà nínú fáìlì, tó sì ṣeé fà jáde. Àpótí dúdú tó kì ni kí o fi bò ó, kí o wá ya ojú fóònù náà, kí o fi ìyẹn ránṣẹ́.

*

Èyí tó gba ọgbọ́n jù ni ọwọ́ lórí èjìká. Ara ọkùnrin lè lọ, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ márùn-ún á ṣì wà lórí léèsì ìyàwó àná. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan tí mo mọ̀ kì í dárúkọ owó kó tó béèrè ìbéèrè kan.

"Ọmọ mi, bá mi yọ ọkùnrin yìí kúrò."

"Mọ́mì, kí ló wà lẹ́yìn wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó síbẹ̀. Ó bò wọ́n mọ́lẹ̀ ni."

"Ẹ̀gbọ́n yín ò lè jáde o, mà. Òdòdó ni mo lè fi síbẹ̀."

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná òdòdó.